Ìbílẹ̀, Àfikún tàbí Àfidípò: Ìfiwéra Bí Àwọn Àwùjọ Ṣe Ń Pín Ìṣègùn Sí Ìsọ̀rí

Ẹ jẹ́ kí a mú ìgò àgbo kan, èyí tí a fi gbòǹgbò àti èèpo igi sè, kí a máa gbé e láti ìlú kan dé òmíràn. Ní Ìbàdàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) yóò pè é ní ìṣègùn ìbílẹ̀, nítorí pé inú ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni ó ti jáde. Bí ọmọ Yorùbá kan bá di ìgò kan náà mọ́ ẹrù lọ sí London, ìtumọ̀ àjọ yìí kan náà yóò sọ ọ́ di ìṣègùn àfikún tàbí àfidípò, nítorí pé kò sí lára àṣà ilẹ̀ náà, kò sì sí lára ètò ìlera tí ó gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá dé Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbẹ ẹ́ tí wọ́n sì rọ ọ́ sínú kápúsù, ó lè bọ́ sábẹ́ òfin 1994 tí ó ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí àfikún oúnjẹ, tí kì í ṣe oògùn rárá. Ohun tí ó wà nínú ìgò kò yí padà. Àwọn tí ń sọ ọ́ lórúkọ ni ó yí padà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tí ó sì fẹ́ mọ ohun tí orúkọ wọ̀nyí ń sọ fún un, fún ẹni tí ó fẹ́ yan oníṣègùn, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òǹkọ̀wé tí ó gbọ́dọ̀ di ìtumọ̀ kan mú kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ìṣègùn àfikún ni mo ń pe ohun tí a ń lò mọ́ ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ìṣègùn àfidípò ni ohun tí a fi rọ́pò ìtọ́jú náà. Ìṣègùn tí ó gbilẹ̀ sì ni èyí tí ìjọba àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó gbé ẹsẹ̀ lé. Èrò mi ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìpín kọ̀ọ̀kan ń dáhùn, àti pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ bóyá ohun náà ń wo àìsàn sàn. Ìdáhùn yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wá nínú wọn.

Ìpín tí a bá nílé

Kí òyìnbó tó dé, kò sí ohun tí ń jẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìṣègùn ni ìṣègùn ń jẹ́. Ìgbà tí òmíràn wọlé ni ti tẹ́lẹ̀ tó nílò àpèlé. Ìpín tí àwọn baba wa ṣe dá lé ohun méjì. Èkíní ni bí a ṣe ṣe oògùn náà àti bí ó ṣe ń wọ ara: àgbo ni a ń sè tí a ń mu, àgúnmu ni a ń gún tí a ń fi ẹ̀kọ gbígbóná mu, àsèjẹ ni a ń sè bí ọbẹ̀, ọṣẹ ni a fi ń wẹ̀, gbẹ́rẹ́ ni a ń sín sí ara. Èkejì ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe: eléwé ọmọ fún àwọn ọmọ ọwọ́, agbẹ̀bí fún aboyún, ẹni tí ń to eegun fún ẹni tí ó ṣubú láti orí ọ̀pẹ, oníṣègùn fún onírúurú àìsàn, àti babaláwo tí yóò kọ́kọ́ bi Ifá léèrè kí ó tó fọwọ́ kan ewé.

Àǹfààní ìpín yìí fún ẹni tí ó fẹ́ yan ni pé ó ń sọ ibi tí ìmọ̀ oníkálùkù dé. Lékulẹ́ja ń ta egbòogi àti èròjà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta irin kò fi dandan jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó bá bèèrè ìtọ́jú àtọ̀gbẹ lọ́wọ́ lékulẹ́ja ti ṣi ilé yà nínú ìpín tiwa fúnra wa, kí a tó wá mẹ́nu ba ti ìjọba.

Ìpín ilé náà kò dúró sójú kan. Ní ọdún 1930, ìsọjí ńlá tí Joseph Ayo Babalola ṣe aṣáájú rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, àwọn tí ó sì di ìwòsàn àtọ̀runwá mú pátápátá sọ gbogbo oògùn nù, àti àgbo ilé àti kóró ọsibítù. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì tí ó wá láti Britain darapọ̀ mọ́ ìjọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí wọ́n sì ń lo kuiníìnì nítorí ibà, èyí di àríyànjiyàn, ó sì wà lára ohun tí ó pín wọn níyà tí ìjọ Christ Apostolic Church fi dá dúró. Ní ojú àwọn ọmọlẹ́yìn wọ̀nyẹn, ààlà kò sí láàárín ìbílẹ̀ àti òyìnbó. Àárín oògùn àti àdúrà ni ààlà wà. N kò mọ àpẹẹrẹ tí ó tún hàn kedere jù èyí lọ pé ìsọ̀rí kì í ti inú ewé jáde wá.

Ìtumọ̀ tí ó gbé e kalẹ̀ nípa ohun tí kò jẹ́, àti ìtumọ̀ tí ó wo agbára

Ní 1993, David Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ìtumọ̀ tí wọ́n lò ni pé ìṣègùn tí kò bá àṣà mu ni èyí tí a kì í sábà kọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, tí kò sì sábà sí ní àwọn ọsibítù ibẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta, ìyẹn 34 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó ti lo ó kéré tán ọ̀kan nínú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ìtumọ̀ yìí rọrùn fún ẹni tí ó fẹ́ kà á ní iye, nítorí pé a lè wo ìwé ẹ̀kọ́, kí a wo ọsibítù, kí a sì fi àmì sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó dà bí ẹni tí a ní kó júwe ilé rẹ̀, tí ó wá ń ka àwọn ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìfabẹ́rẹ́gún ara ti àwọn ará Ṣáínà, abẹ́rẹ́ náà ti ń jáde kúrò nínú ìsọ̀rí nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí tuntun kún un.

Ní 1995, ìgbìmọ̀ kan tí ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí pè jọ gbé ìtumọ̀ mìíràn kalẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ. Kókó rẹ̀ ni pé ìṣègùn àfikún àti àfidípò ni gbogbo ètò, ọ̀nà àti ìṣe ìwòsàn tí kò sí lára ètò ìlera tí agbára òṣèlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní àwùjọ kan, ní àkókò kan. Agbára, àwùjọ àti àkókò: bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìsọ̀rí yóò yẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ti 1993 ni ó yẹ ẹni tí ń ka iye àwọn tí ó ń lo nǹkan, ti 1995 ni ó yẹ ẹni tí ń kọ ìtàn tàbí tí ń fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ṣe rí. Ẹni tí orí ń fọ́ kò rí nǹkan fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe.

Wo ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní qinghao. Ó ti wà nínú ìwé ìṣègùn wọn láti ọ̀rúndún púpọ̀ sẹ́yìn kí Tu Youyou àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó fa èròjà artemisinin yọ lára rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti sọ oògùn ibà tí a fi èròjà yìí pò di èyí tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lò fún ibà lásán. Kóró tí a ń rà lọ́wọ́ apòògùn ní ìgboro Òṣogbo ti di ara ìṣègùn tí ó gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbin igi náà sí ẹ̀yìnkùlé tí ó ń se ewé rẹ̀ mu kò sí nínú ìsọ̀rí kan náà, WHO pàápàá kò sì fara mọ́ lílò rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ fún ibà, nítorí pé ìwọ̀n èròjà inú ife kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ife kejì. Igi kan ṣoṣo ni ó wà níhà méjèèjì ààlà yìí. Iṣẹ́ wíwọ̀n ni ó là á sí méjì.

Bóyá pẹ̀lú, bóyá dípò

Ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà yẹn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba (NIH) gẹ́gẹ́ bí Ọ́fíìsì Ìṣègùn Àfidípò ní 1992. Nígbà tí ó di 1998, ó di ibùdó ńlá, orúkọ rẹ̀ sì ní àfikún àti àfidípò nínú. Ní ìparí 2014 ni wọ́n yọ àfidípò kúrò, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìlera àjùmọ̀ṣe, ìyẹn lílo ìṣègùn méjèèjì pọ̀, dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn yóò rí bí àwùjọ kan ṣe ń yí ojú padà láàárín ọdún méjìlélógún. Èmi kò sì lè ṣàì rántí pé ní 1954, nígbà tí T. A. Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú ìbátan wọn, ó sì mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà ti wà l'Ábẹ́òkúta kí orúkọ rẹ̀ tó dé Amẹ́ríkà.

Ìtumọ̀ tí ibùdó náà ń lò báyìí kò wo ohun tí a mu, bí a ṣe ń mu ún ni ó ń wò. Bí a bá lo ìtọ́jú tí kò sí lára ìṣègùn tí ó gbilẹ̀ mọ́ ìtọ́jú dókítà, àfikún ni. Bí a bá fi rọ́pò rẹ̀, àfidípò ni. Ẹni méjì lè máa ra àgbo lọ́wọ́ ìyá alágbo kan náà lójúmọ́ kan náà: ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ wà ní ìsọ̀rí kan, ẹni tí ó ti da tirẹ̀ sínú kọ́ọ̀tà wà ní òmíràn. Fún oníṣirò, àléébù ni èyí, nítorí pé ìgò kan kò ní orúkọ kan. Fún aláìsàn, òun ni ìpín tí ó wúlò jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ fi wéra, mo sì gbà pé ó yẹ kí ó ṣáájú àwọn yòókù.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwádìí méjì tí àwọn dókítà Yunifásítì Yale tẹ̀ jáde ní 2018 lórí àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà. Nínú èkíní, wọ́n wo 281 ènìyàn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ìfun tàbí ti ẹṣẹ́ tí ń jẹ́ prostate, èyí tí kò tíì tàn káàkiri ara, ṣùgbọ́n tí wọ́n yan ìṣègùn àfidípò nìkan. Ewu ikú wọn jẹ́ ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èkejì ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ kà. Àwọn 258 tí ó wà nínú rẹ̀ ni a kọ sílẹ̀ pé wọ́n ń lo ìṣègùn àfikún, wọ́n sì gba ó kéré tán ọ̀kan nínú ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Síbẹ̀ ewu ikú wọn jẹ́ bí ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò lo ìṣègùn àfikún. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ apá kan nínú ohun tí dókítà ní kí wọ́n ṣe: ẹlòmíràn gba iṣẹ́ abẹ ṣùgbọ́n ó kọ oògùn tí ń tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n yọ ipa kíkọ̀ yìí kúrò nínú ìṣirò, ìyàtọ̀ náà kò hàn mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní àfikún ti di àfidípò ní ìdajì, láìsí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Ìpín yìí náà ní ibi tí ó ti ń yọ̀. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2002, 36 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni ó lo ìṣègùn àfikún tàbí àfidípò láàárín ọdún kan. Nígbà tí wọ́n ka àdúrà fún ìlera mọ́ ọn, iye náà fò sókè sí 62. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú iye méjèèjì nínú ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè bóyá àdúrà wà níbẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí omi àdúrà ti wà lórí tábìlì ibùsùn aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró dókítà, ìbéèrè yìí nìkan tó láti da ìwádìí odidi rú.

Ìpín tí ó wo oníṣègùn dípò oògùn

Ìgbìmọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Ilé Aṣòfin Àgbà ní Britain gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2000. Wọ́n pín àwọn iṣẹ́ náà sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn iṣẹ́ tí ó ti ní ètò, tí ó ní ẹ̀kọ́ àti ìlànà tiwọn: osteopathy (fífi ọwọ́ tún eegun àti iṣan ṣe), chiropractic (fífi ọwọ́ tún ọ̀pá ẹ̀yìn tò), ìfabẹ́rẹ́gún, ìṣègùn ewé àti homeopathy (oògùn tí a fi omi là léraléra títí èròjà inú rẹ̀ fi kéré jọjọ). Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tí ń tu ara lára mọ́ ìtọ́jú dókítà, tí wọn kì í sì í sọ pé àwọn mọ àìsàn tí ó ń ṣe ènìyàn, bíi ìfọwọ́ra àti ìlò òróró olóòórùn dídùn. Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tí ń sọ pé àwọn lè mọ àìsàn kí wọ́n sì wò ó, tí ìgbìmọ̀ náà sì gbà pé ẹ̀rí wọn kò tó. Ó sì tún là sí méjì, àwọn ètò ìṣègùn àtayébáyé bíi Ayurveda ti Íńdíà àti ti Ṣáínà lápá kan, fífi òkúta dídán wo àìsàn àti wíwo ẹyinjú láti fi mọ àìsàn lápá kejì.

Ẹ wo ibi tí wọ́n fi Ayurveda sí, kí ẹ sì wo Íńdíà. Íńdíà ti ní ẹ̀ka ìjọba fún un tipẹ́, ní oṣù kọkànlá 2014 sì ni ẹ̀ka náà di odidi ilé-iṣẹ́ mínísítà, èyí tí ń rí sí Ayurveda, yoga, Unani àti Siddha (àwọn ètò ìṣègùn àtayébáyé mìíràn), àti homeopathy. Bẹ́ẹ̀ sì ni homeopathy kì í ṣe ti Íńdíà. Jámánì ni Samuel Hahnemann ti dá a sílẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní Britain tí ó fi í sí ẹgbẹ́ kìíní ní 2000, ní 2017 ni àwọn aláṣẹ ètò ìlera ìjọba (NHS) ní England sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n má kọ ọ́ fún aláìsàn mọ́, nítorí pé ẹ̀rí kò sí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti máa ń ṣìnà. Wíwà ní ẹgbẹ́ kìíní kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú náà jẹ́; ó túmọ̀ sí pé àwọn tí ń ṣe é ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ẹ̀kọ́, a sì mọ ẹni tí a lè fẹjọ́ wọn sùn. Ohun ńlá ni ìyẹn fún ẹni tí ó fẹ́ fi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni, ọ̀tọ̀ ni ìwòsàn.

Osteopathy náà yẹ kí a wò ní ilẹ̀ méjì. Amẹ́ríkà ni Andrew Taylor Still ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1874, níbẹ̀ lónìí ẹni tí ó gba oyè D.O. (oyè dókítà osteopathy) jẹ́ dókítà kíkún tí ó lè kọ oògùn kí ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní Britain, òfin 1993 ni ó mú àwọn osteopath wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀, wọn kì í sì í ṣe dókítà. Bí ìbátan yín kan bá kọ̀wé láti Houston pé D.O. ni ó ń tọ́jú òun, tí òmíràn sì sọ láti Manchester pé osteopath ni ó ń tọ́jú òun, kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ẹni tí ń to eegun ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Kò ní rí ẹgbẹ́ kankan wọ̀ nínú mẹ́ta náà, nítorí pé ọ̀dọ̀ bàbá ni ó ti kọ́ iṣẹ́, kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ọ̀pọ̀ eegun ni ó sì ti so pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti kọ nípa ẹsẹ̀ àti apá tí wọ́n ní láti gé, nítorí pé a ti di igi mọ́ ọn le jù títí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè ṣàn mọ́. Ẹni tí ó bá máa yàn án, ó dára kí ó ya fọ́tò eegun náà ní ọsibítù kí ó tó lọ, kí ó sì mọ̀ pé bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tí ó dúdú tàbí tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n tú igi, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìpín nípa kíkọ orúkọ sílẹ̀

Brazil kò da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ìtumọ̀ púpọ̀. Orúkọ ni ó ń kọ sínú ìwé. Ní 2006, ìlú náà gba ìtọ́jú márùn-ún wọlé sínú ètò ìlera ọ̀fẹ́ ìjọba, lára wọn ni ìfabẹ́rẹ́gún, homeopathy àti ewé. Mẹ́rìnlá tún wọlé ní 2017, mẹ́wàá sì tẹ̀lé e ní 2018, gbogbo rẹ̀ di 29, títí kan ìgbọ́wọ́léni. Ọ̀nà yìí rọrùn fún aláìsàn, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ìwé ni ó lè bèèrè fún. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé náà kò sọ èyí tí ẹ̀rí wà fún àti èyí tí kò sí, ọ̀pọ̀ dókítà ibẹ̀ sì ti fi èyí bú u. Ohun tí yóò kan ọmọ Yorùbá ni pé ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, níbi tí a ti ń fi ewé Ọ̀sanyìn wẹ ènìyàn láti ayé àwọn ẹrú, kò sí nínú 29 náà. Ní 2023 ni Ìgbìmọ̀ Ìlera Orílẹ̀-èdè ibẹ̀ tó fi ìpinnu kan pe àwọn ilé òrìṣà ní ibi tí ń ṣe ìgbélárugẹ ìlera tí ó lè kún ti ìjọba.

Nàìjíríà: ọ́fíìsì mẹ́ta, ìgò kan

Nílé, ìpín wa kò sí nínú ìwé kan ṣoṣo. Àwọn ìṣègùn àfidípò tí ó ti òkè òkun wá, bíi homeopathy àti ìfabẹ́rẹ́gún, wà lábẹ́ àṣẹ MDCN, àjọ tí ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, irú èyí tí Èkó ní. Àlejò jókòó sí pálọ̀, onílé jókòó sí ìloro. Ọjà fúnra rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ NAFDAC, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, ibẹ̀ sì ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó fẹ́ rà.

NAFDAC ya kíkọ orúkọ ọjà ewé sínú àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára fífọwọ́ sí oògùn pátápátá. Nọ́ńbà ọjà ewé tí a kọ sínú àkọsílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A7, lẹ́tà L sì wà ní ìparí rẹ̀. Ọdún méjì ni àṣẹ náà ń lò, nígbà tí ti oògùn tí a fọwọ́ sí pátápátá jẹ́ márùn-ún. Lára ìgò náà ni a gbọ́dọ̀ ti rí gbólóhùn tí ó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí oníṣòwò náà ń sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń rí nọ́ńbà tí a kì í sì í ka gbólóhùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà náà ń sọ pé a ti wo ààbò àti ìmọ́tótó ọjà náà; kò sọ pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí. Ìyá alágbo ibùdókọ̀ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n òun náà kò parọ́ pé ìjọba jẹ́rìí sí òun.

Ọjà kan wà tí ó gba ojú ọ̀nà náà kọjá títí dé òpin. Oògùn ẹbí tí Àlùfáà P. O. Ogunyale ń lò fún àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba (NIPRD) ní Abuja gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ìyèré, igi osùn, kánáfùrù àti ọkà bàbà. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, NAFDAC sì fọwọ́ sí i ní 2006 lábẹ́ orúkọ Nicosan. Èròjà mẹ́rin tí a lè rà ní ọjà lójoojúmọ́ ti kúrò nínú ìsọ̀rí kan bọ́ sí òmíràn, ìdánwò tí a ṣe ni ó sì mú un rìn.

Èwo ni kí a mú?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ìwé nípa ilẹ̀ Yorùbá, tí ó bá mú ti 1993, yóò rí i pé ó ń ka ìgbésí ayé odidi ìlú sí ohun tí kò bá àṣà mu. Ti WHO tàbí ti 1995 ni mo máa gbà á nímọ̀ràn, kí ó sì kọ ọ́ sójú ìwé kìíní bóyá ó ka àdúrà tàbí kò kà á. Ẹni tí ó ń yan oníṣègùn ní Britain lè lo èrò ìgbìmọ̀ 2000, kí ó wo bóyá orúkọ ẹni náà wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí òfin dá sílẹ̀. Ẹni tí ń ra ìgò ní Nàìjíríà, kí ó wo L, kí ó sì ka gbólóhùn náà.

Aláìsàn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù. Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá pẹ̀lú ni tàbí dípò, kí ó sì dáhùn fún oògùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn 258 yẹn nìyẹn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pẹ̀lú, ewu mìíràn ṣì wà. Ewé kan tí ń jẹ́ St John's wort ni dókítà ń kọ fún aláìsàn ní Jámánì fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àfikún oúnjẹ ni ní Amẹ́ríkà. Ní Britain, oògùn ewé ìbílẹ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń dín agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kù, àti ti àwọn oògùn HIV kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ rí dókítà, kí ó má kàn sọ pé òun ń mu àgbo, nítorí pé ohun tí nọ́ọ̀sì yóò kọ sínú fáìlì kò ní ju ọ̀rọ̀ kan yẹn lọ. Kí ó gbé ìgò náà dání. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti sè é, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó sè é orúkọ ewé àti igi tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ iye ife tí òun ń mu lójúmọ́ àti ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.